Ìdí ló yọ̀ ni, àbí iwájú? Èsì lórí “pàdánù ìṣàkóso ọkọ̀”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹni tó gbé ìbéèrè yìí wá gbọ́ lórí rédíò pé òjò ń rọ̀, awakọ̀ kan tó gun ọkọ̀ asáré sì “pàdánù ìṣàkóso ọkọ̀ rẹ̀” lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà. Ó bi wá bóyá Yorùbá nìyẹn. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé láti ìgbà náà: kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí á máa sọ pé “ọkọ̀ jùdí”, tàbí kí á dá “ìyọ̀dí” sílẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun tí a ní la máa ń pàdánù: owó, ipò, èèyàn ẹni. Ìṣàkóso, ti ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ni. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, tó délé tó ń ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó, “apá mi ò ká mọ́tò yẹn mọ́” ni yóò sọ. Ìyẹn tó fún ìròyìn, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní ọkọ̀ wíwà, kò tó, torí kò sọ apá ibi tí ọkọ̀ ti yọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá máa dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ibẹ̀, nítorí ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ṣe yàtọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì.

Mo lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Ìsọ̀kùn, níbí ní Iléṣà. Mọ́tò àtijọ́ kan wà lórí jáàkì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àti jíà wà níwájú, ọ̀pá irin gígùn kan sì gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìn, ó wọ inú ikùn irin tó wà láàrin ẹsẹ̀ (táyà) ẹ̀yìn méjèèjì. Ó yọ jíà sílẹ̀, ó fọwọ́ yí ọ̀pá náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí. Ti iwájú ò mira. Ó ní: “Èyí, ẹ̀yìn ló ń tì í. Àwọn mọ́tò kéékèèké ayé ìsìnyí, iwájú ló ń fà wọ́n.”

Tì àti fà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀? Ẹnìkan nínú wa ti kọ ọ́ pé kí á máa pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní “ọkọ̀ afẹ̀yìntì”. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí etí gbogbo wa ti mọ fẹ̀yìntì mọ́ òṣìṣẹ́ tó ti parí iṣẹ́ ìjọba. “Atẹ̀yìntì” ni kó jẹ́, kí “atiwájúfà” sì jẹ́ èkejì rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ ká máa sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni. Láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, atẹ̀yìntì sì ni. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá náà, atẹ̀yìntì ni. Àwọn bàbá wa wà wọ́n nínú òjò títí wọ́n fi darúgbó.

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ̀wé pé “jùdí” ò yẹ kó wọ ìwé nítorí ìdí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ìyẹn kọ́ ni àléébù rẹ̀. A ń sọ ìdí igi, ìdí ọ̀pẹ, ìdí ọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dijú sí i. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó ń jùdí ń mọ̀ọ́mọ̀ jù ú ni. Oníjó ló ń jùdí. Ọkọ̀ tí ilẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ ò mọ̀ọ́mọ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà níṣẹ́ tó máa ṣe: àwọn awakọ̀ kan wà, ní Jàpáánù ni àṣà náà ti gbilẹ̀, tí wọ́n ń dìídì ju ìdí ọkọ̀ wọn síta bí wọ́n bá ń yí kọ́nà, wọ́n sì ń fi díje. Ìjùdí gan-an nìyẹn.

“Ìyọ̀dí” ni mo rò lé jù, torí ó jọ ọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Nínú ìpẹja, ẹnìkan ń pa ẹja. Nínú ìkọ́lé, ẹnìkan ń kọ́ ilé. Ilé àti ẹja jẹ́ àbọ̀. Yọ̀, irú èyí tí ilẹ̀ ń yọ̀, kì í gba àbọ̀. Ìdí ni olùwà, òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ̀. Yorùbá sì ti mọ ohun tó ń ṣe sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Orí ń fọ́ni, a ní orí fífọ́. Inú ń runni, a ní inú rírun. Ìdí ọkọ̀ yọ̀, ìdí yíyọ̀. Iwájú ọkọ̀ yọ̀, iwájú yíyọ̀. Àpètúnpè lásán ti ṣe é, kò sí pé à ń fi ipá so nǹkan pọ̀. Ẹni tó fẹ́ kí á lo “orí” dípò iwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ Yorùbá sórí fóònù láìfi àmì sí i. “Orí yíyọ̀” á di “orí yíyọ”, èyí tó túmọ̀ sí pé orí ẹni yọ ẹni nínú ewu. Ìdàkejì pátápátá.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ibi tó ti yọ̀? Táyà ní ìwọ̀n bó ṣe lè di ilẹ̀ mú tó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn atẹ̀yìntì ń lo ìdìmú yẹn láti ti ọkọ̀ síwájú, òun kan náà ló ń lò kó má baà sá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ bá dé, ó po eruku ọgbẹlẹ̀ mọ́ epo tó ti kán sórí ọ̀dà, ìdìmú dín kù gan-an. Awakọ̀ ọkọ̀ asáré tó tún tẹ iná, ìyẹn ohun tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré sí i, nínú kọ́nà ti ná gbogbo rẹ̀ sórí títì, kò sí èyí tó kù tó máa di ẹ̀yìn mú. Ẹni tó bá ti ti ọmọláńké tó kún gba inú ẹrẹ̀ rí mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá tì í jù.

Bí ìdí bá wá yọ̀ sí ọ̀tún, ọ̀tún náà ni kí awakọ̀ yí sìtíárìn sí, kí ojú rẹ̀ wà níbi tó fẹ́ lọ, kó rọra dín iná kù. Kó rọra ni mo wí: ẹni tó bá ṣí ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì, ìwọ̀n ọkọ̀ á sá síwájú, ẹ̀yìn á fúyẹ́, á sì burú sí i. Òkìkí ọkọ̀ asáré Porsche 911 kàn fún ìyẹn láyé àtijọ́, torí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láti 1963 tó ti jáde. Ti iwájú yíyọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á máa lọ tààrà bó tilẹ̀ yí sìtíárìn. Bó bá yí i sí i, kò ní gbọ́. Kó dín iná kù, kó tú sìtíárìn padà díẹ̀ títí táyà á fi di ilẹ̀ mú.

Ẹ̀kẹta wà, tí omi wọ abẹ́ táyà tí táyà ò kan ọ̀dà mọ́. Ẹnìkan pè é ní “omi gbé ọkọ̀”, àmọ́ ti àgbàrá là ń pè bẹ́ẹ̀. “Ìléfòó” ló bá a mu. Sìtíárìn á ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́. Kó mú un dúró tààrà, kó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Táyà tó fẹ̀, irú tí ọkọ̀ asáré ń wọ̀, tètè ń léfòó ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, èyí tó sì ti jẹ tún burú jù. Ní Yúróòpù, bí ojú táyà ò bá jìn tó mílímítà 1.6 mọ́, òfin ò gbà á. Táyà tokunbọ̀ tí à ń rà níbí, ó yẹ kí á máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí á tó sanwó.

Ó ku ẹyọ kan tí a ò tíì dárúkọ. Láti 1995 tí Mercedes ti fi í sínú ọkọ̀ S-Class, ẹ̀rọ kan wà tó ń mọ̀ bí ìdí tàbí iwájú bá ti fẹ́ yọ̀, tó sì ń tẹ búréèkì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láti fà á bọ̀ sípò. Ilẹ̀ Yúróòpù sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti 2014. A ti ń sọ pé kí èèyàn kó ara rẹ̀ níjàánu, nítorí náà mo dá a lábàá pé kí á pè é ní “akọ́kọ̀níjàánu”. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, tí ọ̀gá mẹkáníìkì lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kó yé e, kó gbé e wá.