Jẹ́léósinmi ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: èwo ni ti gbogbo ọmọ, èwo ni wọ́n ń wo owó òbí sí?

Ìyá Tòmíwá: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọmọ wa kan ṣoṣo pé ọdún méjì ní oṣù tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sí físà èmi àti ọkọ mi pé a kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ọkọ mi sì ní kí n má bèèrè jẹ́léósinmi ọ̀fẹ́ rárá, kí ó má bàa ba ọ̀rọ̀ físà wa jẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Ìbùkún: Ìyá Tòmíwá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní ẹ̀tọ́ sí wákàtí 15 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, irú físà yòówù kí òbí wọn ní, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi yín léèrè iye tí ẹ ń gbà níbi iṣẹ́. Ti ọmọ ọdún méjì ni wọ́n ń wo owó sí. Síbẹ̀, àwọn tó ní irú físà yín wà nínú rẹ̀, bí owó tó ń wọlé fún ìdílé lọ́dún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó orí, kò bá ju £26,500 lọ fún ẹni tó ní ọmọ kan ní òde Lọ́ńdọ̀nù, tàbí £34,500 nínú Lọ́ńdọ̀nù, tí owó tí ẹ fi pamọ́ kò sì ju £16,000 lọ. Káńsù yín ni ẹ ó kọ̀wé sí. Wákàtí 30 ti àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ kò tíì kàn yín, nítorí ó di dandan kí ọ̀kan nínú bàbá tàbí ìyá lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ìgbà ẹ̀kọ́ tó bá tẹ̀lé ọjọ́ ìbí ni ọmọ tó lè wọlé. Nígbà tí àwọn ìbejì mi pé méjì, mo kó ìwé owó oṣù àti ìwé báńkì jọ, káńsù dá a padà nítorí ojú ìwé kan tó sọnù, ìgbà ẹ̀kọ́ kan sì kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́ta, ìwé ìbí nìkan ni jẹ́léósinmi gbà lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé èyí tó wà fún gbogbo ọmọ ló sàn jù: àwọn tí wọ́n torí wọn gbé ti ọdún méjì kalẹ̀ gan-an ni ìwé rẹ̀ ń dí lọ́wọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí wọn kò ráyè pe káńsù lọ́sàn-án. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bèèrè bí wọ́n bá ń gba owó oúnjẹ àti pámpáàsì.

Ìyá Tòmíwá: Ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi nìkan ló ń gbowó oṣù nílé báyìí, a kò sì gbé Lọ́ńdọ̀nù. N ó pe káńsù ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, kí n tó lọ sùn.