Ṣé Division I tún máa ń pe ẹni tó bá lọ ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Division III?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin ní yunifásítì kan ní Ohio, l'Amẹ́ríkà, ní Division I, ìpele tó ga jù nínú eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀. Èmi ni mo ń wá àwọn ọmọ tuntun kiri: ìrìn àjò lónìí, ìpè lóru, fídíò wíwò títí ojú á fi máa ta mí. (Màmá mi n'Ìbàdàn ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò wá iṣẹ́ gidi.)

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Division III, ìpele kẹta, wá ní kí n wá ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Owó oṣù á dín kù, ìpele yẹn kì í sì í fún ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ á jẹ́ tèmi.

Ọ̀gá mi ní kí n lọ. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù. Mo ro ti Pat Summitt, tó di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn obìnrin ní Yunifásítì Tennessee ní 1974 lọ́mọ ọdún 22, àti ti Rena Wakama, tó gba ife AfroBasket 2023, ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, fún D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, lọ́dún tí wọ́n gbà á gan-an. Orí àwọn yẹn yàtọ̀, mo mọ̀.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ ṣe olórí ní Division III, ṣé Division I tún máa ń pè é padà?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí èsì mi. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ yín.