Ta ló kọ́kọ́ gun orí òkè Rwenzori?

Ọmọ Sóbì (Ìlọrin): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Pósítọ́fíìsì, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kò sí òkè oníyìnyín nílẹ̀ Áfíríkà àfi Kilimanjaro. Mo ní Rwenzori ńkọ́, ní ààlà Uganda àti Kóńgò? Ó bi mí pé ta ló kọ́kọ́ gùn ún, ẹnu mi wọhò. Ta ni? Kí ló sì dé tó fi pẹ́, nígbà tí wọ́n ti gun Kilimanjaro ní 1889?

Tíṣà Àgbà (Òmù-Àrán): Ọmọ mi, ìwọ lo jàre. Jọ́gíráfì ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ọmọ ọba Ítálì kan, Luigi Amedeo, Duke ti Abruzzi, ni ìwé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1906 ló dé ṣóńṣó tó ga jù, mítà 5,109. Ó fi orúkọ ayaba ilẹ̀ rẹ̀, Margherita, pè é. Ó fi ti ayaba Gẹ̀ẹ́sì, Alexandra, pe èkejì rẹ̀. (Àlejò tó bá ti mú gègé dání kì í bi onílé léèrè orúkọ.)

Gíga kọ́ ló jẹ́ kó pẹ́, nítorí Kilimanjaro ga jù ú lọ. Kilimanjaro dá dúró, gbogbo ayé ń rí i. Rwenzori ní tirẹ̀ tò lọ gbọọrọ, òkè mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní yìnyín nígbà náà, ìkùukùu kì í sì í sábà ká kúrò lórí wọn. Stairs, tó bá Stanley, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, rìn, gòkè kọjá 3,200 mítà ní 1889, ó padà. Freshfield àti Mumm, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń gun òkè, lọ ní 1905, òjò lé wọn wálẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀ nìkan tó ogun: ó ń muni dé orúnkún bí amọ̀ tí wọ́n pò fún mímọ ilé, igi tó ti jẹrà, tí èéhù bò, ni wọ́n sì ń tẹ̀ kọjá. Àsìkò tí òjò rọlẹ̀ díẹ̀ ni Duke yàn, ó sì kó afinimọ̀nà wá láti òkè Alps ní Yúróòpù: Petigax, Ollier, Brocherel. Ollier àti Brocherel yìí náà ló mú Mackinder, onímọ̀ jọ́gíráfì Gẹ̀ẹ́sì kan, dé orí òkè Kenya ní 1899. Ibi tí ọgbọ́n Duke wà nìyẹn, lójú tèmi.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ìdí òkè náà ńkọ́? Ọdẹ tiwa níbí, kò sí àpáta tí wọn ò mọ̀. Ṣé Duke ló wá fi òkè han onílùú ni?

Tíṣà Àgbà (Òmù-Àrán): Ìyá Ìbejì, ẹ sọ òótọ́ dé ìdajì. Àwọn Bakonzo mọ igbó àti àfonífojì ibẹ̀ dáadáa, ọ̀nà ọdẹ wọn ni àwọn òyìnbó ń tọ̀. Àwọn ló ru ẹrù dé Bujongolo, abẹ́ àpáta kan tí Duke fi ṣe ibùdó, níbi tí òtútù ti ń pa èèyàn, aṣọ ara wọn ò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n orí yìnyín gan-an, kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kò sẹ́ran, kò síná. Ní ìgbàgbọ́ wọn, ilé Kitasamba, òrìṣà wọn, ni. Ta ní ń já wọ ilé òrìṣà? Ohun tó ń bí mi nínú ni pé orúkọ afinimọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìtàn, ti alárù kan ò sì rọrùn láti rí.

Alfa Gáà Àkáńbí: Yìnyín ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, sà?

Tíṣà Àgbà (Òmù-Àrán): Díẹ̀, Alfa. Lásìkò Duke, òkìtì yìnyín 43 ló wà lórí òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n fẹ̀ tó kìlómítà 7.5 níbùú lóròó. Nígbà tó fi di 2005, nǹkan bí 1.5 ló kù, lórí òkè mẹ́ta péré, ó sì tún ti dín láti ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó tètè wá owó ọkọ̀.