Kì í ṣe "ooru", kì í sì í ṣe "ìṣùpọ̀": "máàpù ìki" ńkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo ti ka àbá méjèèjì tí ẹ mú wá fún orúkọ tí a ó máa pe "heat map" ní Yorùbá, ìyẹn máàpù aláwọ̀ orí kọ̀ǹpútà, èyí tí ibi tí nǹkan pọ̀ sí máa ń pọ́n bí ẹyin iná, tí etí rẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ aró. Ẹnì kan ní ká pè é ní "máàpù ooru", ẹlòmíì ní "máàpù ìṣùpọ̀". N ò fara mọ́ ìkankan.

"Ooru" ń ṣini lọ́nà. Ẹ fi máàpù ìjàǹbá ọkọ̀ han ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, kí ẹ pè é ní máàpù ooru, yóò bi yín pé ṣé ibẹ̀ gbóná ni.

"Ìṣùpọ̀" dùn létí, àmọ́ ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀. Máàpù kan wà tó máa ń kó àwọn àmì tó súnmọ́ra (àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún ohun kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀) sínú àmì róbótó kan, tó sì kọ iye wọn sí i láàárín: 12, 47. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á tú ká. Ìyẹn gan-an ni ìṣùpọ̀.

Ti èyí yàtọ̀. Ẹ wo yíǹkì tó kán sórí bébà tútù: àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ ń ṣá lọ díẹ̀díẹ̀. Bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe ń tàn nìyẹn. Ibi tí méjì bá ti gorí ara wọn, kọ̀ǹpútà á ro wọ́n pọ̀, ìgbà tó bá rò ó tán ló tó wá kun àwọ̀. (Ìṣirò yìí kì í ṣe tuntun: àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì ti kọ nípa rẹ̀, Rosenblatt ní 1956, Parzen ní 1962.) Ẹ wá wo àrà tó ń dá: bí àmì méjì bá súnmọ́ra dáadáa, àárín wọn ló máa pọ́n jù, níbi tí nǹkankan ò ti ṣẹlẹ̀!

Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń wọn ìtànká náà, kì í ṣe ilẹ̀. Nínú Leaflet.heat, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ya irú máàpù yìí, bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, píksẹ́lì 25 ni (píksẹ́lì ni ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán ojú kọ̀ǹpútà). Ẹ sún máàpù sẹ́yìn, àwọn àmì tó jìnnà síra á dà pọ̀. Ẹ fà á súnmọ́, wọ́n á tú ká. Èéfín ló jọ lójú mi: ó ki lókèèrè, ẹ dé ìdí rẹ̀, ó fẹ́lẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú "máàpù ìki" wá. Ẹ má sọ pé "ìnípọn" o. Pákó ló ń nípọn; èéfín ń ki. Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá: ẹni tí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ á kà á bíi pé ìkíni là ń sọ.

Èyí tí kò tíì yé mi ni orúkọ tí a ó fún ìtànká àmì kan ṣoṣo, kí wọ́n tó rò ó mọ́ òmíràn. "Ìkán" ni mo ń lò, nítorí yíǹkì yẹn, àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ní èyí tó sàn jù ú lọ?