Tọ́bò Ọkọ̀ Mi Kò Lágbára Mọ́, Epo Sì Ń Tètè Tán: Ibo Ni Kí N Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá àti ojúgbà mi, mo kí yín o. Subaru Impreza WRX ọdún 2004, ẹ́ńjìnnì lítà 2 tó ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fún atẹ́gùn pọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì), tí mo rà ní tòkunbọ̀, ni mo ń wà ní Ìbàdàn. Ó ti tó oṣù méjì tí agbára rẹ̀ ti dínkù, epo tí mo ń lò fún ọjọ́ márùn-ún tẹ́lẹ̀ kò sì tó ọjọ́ mẹ́ta mọ́.

Géèjì tí mo so mọ́ ọn láti wọn bí tọ́bò ṣe ń ti atẹ́gùn tó kì í kọjá 7 psi (psi ni ìwọ̀n agbára atẹ́gùn), bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó dé nǹkan bíi 13. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé 7 yìí sún mọ́ ibi tí spring wastegate (ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí èéfín gba ẹ̀gbẹ́ tọ́bò kọjá kí tọ́bò má bàa ti atẹ́gùn jù) nìkan lè gbé e dé, àfi bíi pé solenoid, ìyẹn fáàfù oníná tó ń darí wastegate náà, kò ṣiṣẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki ìka bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ó yọ dúdú bí èédú, mo sì rí ọ́ìlì tó rin yí ká họ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ intercooler (ohun tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù). Ìyẹn mú mi rò pé atẹ́gùn tí sẹ́ńsọ̀ MAF (èyí tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé) ti kà ló ń jò dànù lọ́nà, tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ń tú epo sílẹ̀ fún atẹ́gùn tí kò dé inú ẹ́ńjìnnì.

Mẹkáníìkì mi ní kí n pààrọ̀ tọ́bò lódindi. N kò gbà, nítorí mo fi ọwọ́ mi mi ọ̀pá àárín rẹ̀, kò mì jù, kò sì sí èéfín búlúù tó máa ń fi hàn pé ọ́ìlì ń jóná.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ fi páńpù fẹ́ atẹ́gùn sínú àwọn họ́ọ̀sì náà kí n lè gbọ́ ibi tó ti ń jò, àbí solenoid ni kí n dojú kọ? Psi mélòó ni ẹ̀yin máa ń lò tí họ́ọ̀sì kì í fi í já?