“Ọ̀bọ di ènìyàn”: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣi ìṣirò lọ́nà

Ẹ̀yin àgbà inú èdè, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé báwo ni ọ̀bọ ṣe lè yára di ènìyàn láàárín mílíọ̀nù ọdún 6 sí 7. Kí a tó ṣírò, ẹ jẹ́ ká tú ìbéèrè náà wò.

Ọ̀bọ nírù, ìnàkí kò ní. Àwọn tó sún mọ́ wa jù kò nírù, torí náà ìnàkí ló yẹ ká wí. Ìnàkí òde òní gan-an kì í sì í ṣe baba wa: baba ńlá kan ló bí àwa àti òun. Ọ̀rọ̀ ìṣe “di” ló tún burú jù. Ìdin ni í di eṣinṣin, lójú ayé ara rẹ̀. Kò sí ìnàkí kan tó yí padà báyẹn. Ọmọ ló ń fi bíńtín yàtọ̀ sí òbí.

Ẹnì kan dábàá “ìtẹ̀síwájú” bí orúkọ Yorùbá fún ẹfolúṣọ̀n (evolution), ìyẹn bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Rárá o. Ẹja inú ihò tí kò lójú mọ́ nítorí òkùnkùn wà lára ẹfolúṣọ̀n. Ìtẹ̀síwájú wo ló wà níbẹ̀? “Àyípadà ìrandíran” ni tèmi. Àṣìṣe tó ń wọnú DNA, ìlànà inú ara tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, nígbà tí ara bá ń dà á kọ, “àṣìdàkọ” ni kí á pè é.

Ìran ni a fi ń wọn ìyára yìí, kì í ṣe ọdún. Ṣùgbọ́n a tún ń sọ pé “ìran Yorùbá”, nítorí náà ẹ jẹ́ ká là á pé láti ìbí òbí dé ìbí ọmọ ni. Bí ìyẹn bá jẹ́ ọdún 25, mílíọ̀nù ọdún 6 jẹ́ ìran 240,000. Àṣìdàkọ tuntun bíi 60 sí 70 ló wà lára ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọn a mú 70 lódidi. Ìdajì ni, torí ẹ̀dà DNA méjì lọmọ ní, ti bàbá àti ti ìyá. 35 lọ́nà 240,000 jẹ́ mílíọ̀nù 8.4 lọ́dọ̀ tiwa nìkan; tiwa àti ti ìnàkí pa pọ̀, ìyàtọ̀ mílíọ̀nù 16.8 ni.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka DNA chimpanzee, ọ̀kan lára àwọn ìnàkí tó sún mọ́ wa jù, tán ní 2005, ìyàtọ̀ lẹ́tà DNA ẹyọ kọ̀ọ̀kan láàárín òun àti àwa tó bíi mílíọ̀nù 35. Kí ló dé? Baba ńlá wa kì í ṣe tọkọtaya kan; agbo ńlá ni, DNA wọn sì ti yàtọ̀ síra tipẹ́ kí agbo tó pín sí méjì. Àṣìdàkọ lọ́dọọdún sì ti dín kù lọ́dọ̀ wa ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tó bá kó gbogbo mílíọ̀nù 35 sórí ọdún 6 mílíọ̀nù, tó wá ní ó ti yá jù, kò ka ohun tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pínyà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tilẹ̀ yí ohunkóhun padà lára.

Ẹ tún wo Lucy, ẹ̀dá àtijọ́ kan nínú ẹbí tiwa, tí wọ́n wú egungun rẹ̀ ní Ethiopia ní 1974, tó sì gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 3.2 sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ méjì ló fi ń rìn, ọpọlọ rẹ̀ kò sì ju ti ìnàkí lọ púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ “di”, ṣé ó ti di, àbí kò tíì di?