Wọkitọ́kì fún ìdílé ní Òṣogbo: èwo ni kí a rà, báwo ni a ó sì ṣe máa lò ó?

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí wọkitọ́kì, ìyẹn rédíò aláfọwọ́mú tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láìlo síìmù, nítorí èmi àti ọkọ mi ń gbèrò láti ra díẹ̀ sílé. Òkè-Baálẹ̀ ni à ń gbé, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni ìyá ọkọ mi ń gbé, oko adìyẹ wa sì wà lójú ọ̀nà Ìkìrun, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í ti dúró sójú kan. Ọdún Ọ̀ṣun ló tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà di dandan fún wa. Ní ọjọ́ àṣekágbá ọdún nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí Arugbá bá ń lọ sí ojúbọ, tí èrò ilé àti ti ilẹ̀ òkèèrè sì kún gbogbo ojú ọ̀nà, a ó pe fóònù títí, kò ní wọlé, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ nípa àwọn ọmọ tó wà láàárín èrò.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi méjì ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń dé máìlì 35. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ẹ̀rọ nílùú níbí fi òmíràn hàn mí tí áńténà rẹ̀ gùn, ó ní wáàtì 5 ni agbára rẹ̀. Ó tún mú ẹ̀kẹta jáde, ó ní èyí yóò gbé ohùn mi dé Èkó. Èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé ó lè ti Òkè-Baálẹ̀ dé oko? Ṣé a nílò ìwé àṣẹ ìjọba? Ìyá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú wọn kò sì rí lẹ́tà kéékèèké orí fóònù kà mọ́. Ṣé wọ́n á lè lò ó?

Atúnrédíòṣe, Ọláìyá

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n ti orí èyí tí wọ́n ní ó ń dé Èkó bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló lè ṣì yín lọ́nà jù. Irú rédíò bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n síìmù ló wà nínú rẹ̀, orí òpó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ni ohùn ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ tí fóònù bá kọ̀ ní Igbó Ọ̀ṣun, òun náà yóò kọ̀. Rédíò tí ohùn rẹ̀ ń ti áńténà kan bọ́ sí èkejì láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni ẹ ń wá.

Ní ti ìjìnnà, gíga áńténà ló ṣe pàtàkì ju agbára lọ. Ọ̀nà tààrà ni ìgbì àwọn rédíò yìí máa ń tọ̀. Bí ènìyàn méjì bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí kò sí ilé tàbí igi láàárín wọn, tí áńténà wọn sì ga ní mítà kan ààbọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 9 ni wọ́n lè jìnnà síra kí ilẹ̀ ayé tó rí roboto tó bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn lójú. Bí ẹnì kan nínú wọn bá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì débi tí áńténà rẹ̀ fi ga ní mítà 9, ó di nǹkan bíi kìlómítà 15, láìfi wáàtì kankan kún un. Ṣùgbọ́n ta ló ní irú pápá gbalasa bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo? Láàárín ògiri búlọ́ọ̀kù àti òrùlé páànù ìlú wa, kìlómítà kan sí méjì ni mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi fọkàn sí, èyí tó bá lé níbẹ̀, èrè ni. Páànù ló burú jù, nítorí irin ni, ṣe ló máa ń dá ìgbì padà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé ibi tó jìnnà, kí ó jáde sí àgbàlá.

Wáàtì kì í ṣe iṣẹ́ tó bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń sọ. Kódà níbi tí kò sí ìdènà rárá, kí ìjìnnà tó di ìlọ́po méjì, agbára ní láti di ìlọ́po mẹ́rin, bátìrì yóò sì tètè kú. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n kọ wáàtì 5 sí lára ló ń yọ wáàtì 5 jáde bí a bá fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sí i.

Ẹ ó tún gbọ́ tí wọ́n ń sọ VHF àti UHF, ìyẹn ìsọ̀rí fíríkúẹ́ńsì méjì; fíríkúẹ́ńsì ni iye ìgbà tí ìgbì rédíò ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, MHz ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. VHF, tó máa ń wà láàárín 136 àti 174 MHz lórí irú rédíò yìí, dára fún oko àti inú igi, nítorí ewé tútù kì í fa ìgbì rẹ̀ mu tó ti UHF. UHF, láti 400 MHz lọ sókè, ló máa ń rí ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà gbà wọ inú ilé. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi kún àwọn ogún àgbáyé ní 2005, fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, igi ńláńlá ló sì kún ibẹ̀, nítorí náà VHF ni èmi ìbá mú wọ ibẹ̀. Àmọ́ láàárín agbo ilé Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, UHF ni. Àwọn rédíò kan wà tó ní méjèèjì, bíi Baofeng UV-5R, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀ fún àgbàlagbà. Baofeng BF-888S kò ní ju UHF lọ, kò ní ojú tí ẹnikẹ́ni ń kà, ìkànnì 16 ló ní, orí kókó kan ṣoṣo ni a sì ti ń yí wọn. Irú èyí ni ọwọ́ Màmá yóò gbà, ẹni tó bá sì fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí UHF pẹ̀lú.

Ti oko le díẹ̀. Ẹ má náwó sórí rédíò ọwọ́ nítorí rẹ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ gbé áńténà ró lórí òpó gíga nílé, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ tí ẹlòmíràn yóò mọ̀ jù mí lọ.

Ọmọ Òròkí, Houston

Ẹ kú ilé o, mà. Máìlì 35 tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ti ojú títì. Bí ẹnì kan bá wà lórí òkè gíga, tí ẹnì kejì wà ní àfonífojì tí wọ́n ń rí ara wọn gbangba, ó lè ṣẹlẹ̀. Ní àdúgbò tí mò ń gbé, wọn kì í kọjá máìlì kan dáadáa.

FRS ni wọ́n ń pe irú rédíò ìdílé yìí ní Amẹ́ríkà níbí. Ìkànnì 22 ló ní, láyìíká 462 àti 467 MHz. Ìkànnì 8 sí 14 kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì wáàtì, àwọn yòókù kò gbọdọ̀ kọjá wáàtì 2, òfin kò sì gbà kí áńténà rẹ̀ ṣe é tú. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó láìgba ìwé àṣẹ. GMRS ni èyí tó lágbára jù ú lọ. Dọ́là 35 ni wọ́n ń gbà fún ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹni kan ni yóò sì gbà á fún gbogbo ẹbí, láti orí ọmọ dé orí ìyá àgbà. Ẹ kíyè sí i pé òfin FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà, nìkan nìyí. Ní Yúróòpù, 446 MHz ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ìdajì wáàtì, nítorí náà ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ níbìkan lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbòmíràn.

Bí àbúrò yín bá ṣì fẹ́ rà á, kí ó kọ́kọ́ wo bó ṣe ń farada omi, torí oṣù kẹjọ kì í ṣe oṣù ẹ̀ẹ̀rùn. IP67 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọ̀ ọ́, ó sì lè wà nínú omi tó jìn ní mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó wá èyí tó lè lo bátìrì kéékèèké tí ẹ lè rà ní ìsọ̀ èyíkéyìí, kí àìsí iná ọba má bàa sọ ọ́ di ohun ìṣeré.

Agbẹjọ́rò, Ògo-Olúwa

Ìyá wa, ẹ má rà á ṣáájú kí ẹ tó béèrè. Ní Nàìjíríà, òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 fi pípín fíríkúẹ́ńsì sí ọwọ́ àjọ NCC, àjọ yìí kan náà ló sì ń fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ tí a lè tà tàbí lò. Kò sí ohun tó sọ pé ohun tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́ níbí. Fíríkúẹ́ńsì kan náà lè ti wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń sanwó lé e lórí. Ẹ kọ̀wé sí NCC, ẹ sọ orúkọ ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà fún wọn, kí wọ́n sọ ìwé àṣẹ tó bá a mu. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fọwọ́ tẹ nọ́ńbà sí lè ṣèèṣì bọ́ sórí ìkànnì ọlọ́pàá tàbí ti ilé ìwòsàn, ó sì lè dí ẹni tó ń pe fún ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn agbófinró máa ń pọ̀ níbi ọdún Ọ̀ṣun. Bí wọ́n bá rí wọkitọ́kì lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè. Kí ẹ̀dà ìwé àṣẹ wà lápò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọgbọ́n tán níkùn yín. A ó kọ̀wé sí NCC kí a tó náwó. Ó ku ohun méjì. Ọlọ́jà náà ní àwọn kóòdù kan wà tí ẹlòmíràn kò fi ní gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni a ó sì ṣe kọ́ Màmá àti àwọn ọmọ?

Bàbá Olùkọ́, Ìgbọ̀nà

Ìyá Ìbejì, mo kí yín. Kóòdù yẹn kò bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Ohùn kékeré kan tí etí wa kì í gbọ́ ni rédíò ń fi kún ọ̀rọ̀ yín, kí rédíò kejì lè mọ̀ pé ti ẹbí rẹ̀ ni kí ó tó la ẹnu. Ó ń gbà yín lọ́wọ́ ariwo àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí rédíò tirẹ̀ sórí ìkànnì yẹn láìlo kóòdù yóò gbọ́ yín ketekete. Nítorí náà, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ sọ pé kò sẹ́ni nílé, tàbí pé àwọn nìkan ló dá wà síbìkan. Kí gbogbo rédíò ilé yín sì wà lórí ìkànnì àti kóòdù kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa pe ara yín lásán.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ yàtọ̀ sí ti fóònù, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ tó sì ń sọ̀rọ̀ pọ̀ máa ń gé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Orúkọ ẹni tí ẹ ń pè ni kí ó ṣáájú, kí tiyín tẹ̀lé e: "Màmá, Táyé ni o." Bí ẹ bá sọ tán, ẹ sọ pé "ó kù sí ọwọ́ yín," kí ẹ sì jẹ́ kí bọ́tìnnì lọ. Àwọn ọmọ á tètè mọ̀ ọ́n. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ ni pé kí rédíò wà lápò, kí nǹkan tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí gbogbo ẹbí má sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ti Màmá rọrùn. Ẹ fi rédíò wọn sórí ìkànnì kan, ẹ lẹ ìlẹ̀mọ́ mọ́ kókó náà kí ó má yí, ẹ so ṣájà rẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Kí ẹ sì ní àkókò: ní ọjọ́ ọdún, kí ẹ máa pe ara yín ní gbogbo ìdajì wákàtí, yálà nǹkan ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá a lọ.

Atúnrédíòṣe, Ọláìyá

Ẹ kò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá yọ áńténà kúrò, nítorí agbára tí kò rí ibi gbà jáde lè ba ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi bátìrì sílẹ̀ nínú mọ́tò lóòrùn.

Bí ìwé àṣẹ bá ti jáde, ẹ má dúró di ọjọ́ ọdún kí ẹ tó dán an wò. Kí ẹnì kan dúró ní àgbàlá Màmá, kí ẹnì kejì máa rìn lọ sí ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, kí ó máa pè, kí ó sì kọ ibi tí ohùn ti ń já sílẹ̀. Ẹ tún yan ibì kan tí gbogbo yín mọ̀, ní ìhà ẹnu ọ̀nà igbó, tí àwọn ọmọ yóò lọ dúró sí bí rédíò náà bá dákẹ́.